Ìwé Pélébé Tí Mo Ṣí Kúrò Lójú Kọ̀ǹpútà Sathiriyar

Ṣé mo ka ìwé pélébé yẹn kí n tó ṣí i kúrò, àbí mi ò kà á?

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin tí mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè yìí. Bí mo bá ń ṣa òkúta lára ìrẹsì, ó ń jẹ mí lọ́kàn. Bí mo bá ń sá aṣọ ọmọ, ó tún ń jẹ mí lọ́kàn. Mo rántí èékánná mi tó ń ha á. Mo rántí àtè ìrẹsì tó ti gbẹ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń já bọ́ wẹ́wẹ́. Mo rántí pé yíǹkì búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni mi ò lè sọ bóyá mo rí tàbí n kò rí.

Nirojini ni orúkọ mi. Vavuniya, lápá ọ̀dọ̀ ìjọba, ni mò ń gbé, àmọ́ òdìkejì ibodè ni wọ́n ti bí mi, níbi tí àwọn ajàjàgbara ti ń ṣe ìjọba tiwọn nígbà ogun. Ọ̀pọ̀ wa tó ti ọ̀hún wá kì í fẹ́ sọ ọ́ síta. Sísá kiri ni kò jẹ́ kí n jókòó sí ilé ìwé. Mo ti wọlé ọkọ kí n tó lè ka orúkọ ara mi. Tíṣà Amirtham ló kọ́ mi, ní kíláàsì àwọn àgbà ní gbọ̀ngàn àdúgbò, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ó kọ́ mi ní kíkà, ó kọ́ mi ní kíkọ, ó sì kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Obìnrin náà ní sùúrù. Ó lè sọ ohun kan nígbà mẹ́wàá kí ojú rẹ̀ má le.

Ọkọ mi wà ní Qatar níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ bíríkì. Èmi àti ìyá rẹ̀ la wà nílé pẹ̀lú Mathu, ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Ikọ́ fée ń bá a jà. Ẹni tí kò bá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ̀. Etí rẹ kò ní í sinmi láé. Bí ọmọ bá dákẹ́, ẹ̀rù ń bà ọ́. Bí ó bá ń mí fín-ín-fín-ín, ẹ̀rù tún ń bà ọ́.

Ọ̀dọ̀ awòràwọ̀ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Sathiriyar là ń pe irú wọn, orúkọ iṣẹ́ wọn nìyẹn, kò sì sí ẹni tó ń pè é lórúkọ mìíràn. Ní ìlú wa, kí wọ́n tó fi ọmọbìnrin fọ́kọ, wọ́n á kọ́kọ́ gbé ìwé ìràwọ̀ ìbí tiẹ̀ àti ti ọkọ síra wò. Sathiriyar ló ń tẹ ìwé náà jáde láti inú kọ̀ǹpútà kan tó ti pẹ́ ju èmi fúnra mi lọ, lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé alábẹ́rẹ́ tó máa ń ké ṣíìrì-ṣíìrì bí ìrẹ̀. Gbígbá ilẹ̀ àti pípo tíì ni iṣẹ́ tèmi.

Lọ́jọ́ kan, kọ̀ǹpútà náà rú èéfín, ojú rẹ̀ sì ṣú.

"Ó ti parí nìyẹn," Sathiriyar wí. "Àbúrò mi olùkọ́ ìṣirò ló kọ ètò tó ń ṣírò ìràwọ̀ nínú rẹ̀ fún mi lọ́dún 1991. Ó ti kú. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin, wá iṣẹ́ míì."

Mo sáré lọ bá Tíṣà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rọ ló kú, Niro. Ètò kì í kú. Ṣé díìsìkì rẹ̀ ṣì wà?"

"Ó wà nínú páálí bisikíìtì."

"Ó dáa. Ètò afarawé kan wà. Tó o bá fi sínú kọ̀ǹpútà tuntun, á mú un ṣe bí ẹni pé òun ni ti àtijọ́. Ètò àbúrò Sathiriyar á jí sáyé, á máa rò pé 1991 ló ṣì wà. Kò ní í mọ̀ pé ilé ti yí padà."

Sátidé mẹ́ta la fi ṣe é. Nígbà tí mo tan án níwájú Sathiriyar, tí ojú dúdú náà yọ pẹ̀lú àwọn lẹ́tà aláwọ̀ ewé, baba náà sún mọ́ ọn. Ó fọwọ́ kan gíláàsì náà, ó ní, "Àbúrò mi nìyí."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti kúrò lórí ilẹ̀, mo bọ́ sórí àga. Ojú Sathiriyar ti ń ṣe bàìbàì, èmi ni mo wá ń tẹ ohun gbogbo. Òfin kan ṣoṣo ló fún mi.

"Ètò yìí kò gbọdọ̀ kúrò nínú yàrá yìí. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbé e jáde, orúkọ mi ló gbé jáde."

"Mo gbọ́, bàbá."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo nu òkú kọ̀ǹpútà náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ìwé pélébé kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ̀. Mo fi èékánná ṣí i, mo fọwọ́ rún un, mo jù ú sínú agbọ̀n. Gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn ni mo kó bọ́ sínú tuntun láìku ẹyọ kan. Mi ò ro ohun tó wà lára rẹ̀ lóde.

Báyìí niṣẹ́ wa ṣe ń lọ. Oníbàárà á sọ pé wọ́n bí ọmọ òun ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Sathiriyar á béèrè ibi tí wọ́n bí i sí, á di ojú, á ní, "Kọ aago méje ààbọ̀." Mo rò pé etí baba ti ń di ni. Mo ń káàánú rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, àmọ́ ohun tó bá ní kí n tẹ̀ ni mò ń tẹ̀.

Ibi tí Èṣù ti wọlé sí mi lára nìyí.

Gbogbo àárọ̀ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, ìyá ọkọ mi á gbé Mathu dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Máa lọ bá àwọn ìràwọ̀ ẹ ṣeré," á wí. "Ọmọ tó ń mí bí fèrè yìí, èmi ni mo bí i."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé láti fa oògùn sí i nímú."

"Ọmọ márùn-ún ni mo tọ́, kò séyìí tó fa nǹkan kan símú."

Lọ́jọ́ kan mo délé, ètè ọmọ mi ti ń dúdú. Màámi ń fi òróró pa á láyà, ó ń kọrin. Oògùn náà wà lórí àjà, kò ṣí i. Mo gbé ọmọ sáré dé títì láìwọ bàtà. Ó yè. Àmọ́ láti ìgbà náà, bí mo bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Sathiriyar, ẹsẹ̀ mi kì í dúró. Màá máa fi gbá ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì títí baba á fi ní, "Ọmọ, ṣé èèrà ló ń jẹ ọ́?"

Mo wá ń rò ó. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan wà nílé tí ọkọ mi fi ránṣẹ́. Ètò afarawé, èmi fúnra mi mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀. Bí mo bá lè máa ṣe ìwé ìràwọ̀ nílé, ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi ni màá wà. Mo ní mi ò ní í ṣe é. Mo sọ ọ́ fún ara mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, Sathiriyar sùn lọ lórí àga lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo ti fíláàṣì, irin kékeré tí a fi ń da nǹkan kọ, bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Kò tó kí a ka ení dé ogún tí ó fi parí. Iṣẹ́ tí àbúrò rẹ̀ fi ọdún méjì ṣe, mo ká a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹ̀wà.

Mo sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni màá máa wá lọ́sẹ̀ nítorí ọmọ. Ó ní kò burú, kí ọmọ sàn ló ṣe pàtàkì. Oore tó ṣe mí yẹn, bí ata ló rí lójú mi.

Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wá.

"Ṣé ti Sathiriyar náà ni?"

"Òun náà ni. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀."

Mi ò ní ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀dà ìwé ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo fi àtalẹ̀ pupa kun igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí Sathiriyar ṣe máa ń ṣe. Aago tí ìyá ọmọ bá sọ fún mi gẹ́lẹ́ ni mò ń kọ, inú mi sì ń dùn pé etí tèmi kò di.

Ìgbà náà ni Tíṣà wá. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Pirasath fẹ́ fẹ́ Kayal, ọmọ kan ṣoṣo tí Tíṣà bí. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ìwé ìràwọ̀ ló kù.

"Niro, bá mi gbà á lọ́wọ́ Sathiriyar. Ọdún 1999, aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìdájí."

"Ẹ má ṣe ìyọnu, Tíṣà. Màá gbé e wá fún yín lọ́la."

Ilé ni mo ti ṣe é. Ọwọ́ mi dúró lórí bọ́tìnnì. Sevvai, ìràwọ̀ pupa, jókòó sí ilé kẹjọ nínú ilé méjìlá tó wà nínú ìwé ìràwọ̀. Ibi tí mo bá iṣẹ́ dé lọ́dọ̀ Sathiriyar, mo mọ ohun tí ìyẹn ń wí: ọkọ obìnrin náà kò ní í pẹ́ láyé.

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Mo gbé e fún Tíṣà, mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ó kà á. Ó ká a pọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ohun tó bá wà níbẹ̀ la máa fún wọn," ó ní. "A kì í bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀."

Àwọn ẹbí Pirasath gbé ìwé náà fún ẹni tó ń bá wọn kà á ní abúlé wọn. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n má ra aṣọ ìyàwó mọ́. Ọ̀rọ̀ ò pẹ́ dé ìdí kànga. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ pé, "Ọmọ Tíṣà ni? Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kí ó ra pósí mọ́ ẹ̀gbà ọrùn ìyàwó." Àwọn tó kù sì ń rẹ́rìn-ín. Kayal tilẹ̀kùn mọ́ra, kò jẹun.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo wà lọ́dọ̀ Sathiriyar nígbà tí bàbá kan mú ọmọ méjì wá. Ó ní aago mẹ́wàá ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n, lọ́dún 1993. Sathiriyar ní, "Kọ mẹ́wàá." Ó ní aago mẹ́rin ni wọ́n bí àbúrò, lọ́dún 2001. Sathiriyar di ojú. "Kọ mẹ́ta ààbọ̀."

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà ni nígbà gbogbo, àwọn ọ̀dọ́ nìkan ló sì ń yọ ọ́ fún. Etí rẹ̀ kò di rárá.

Nígbà tó wọlé lọ mu omi, mo sáré tẹ orúkọ Kayal. Mo yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Sevvai fò kúrò ní ilé kẹjọ, ó jókòó sí ilé kẹsàn-án, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi tí mo ti jẹ̀bi jù lọ nìyí, kì í ṣe ibi tí mo ti jalè. Mo mọ̀ pé ìwé náà kò tọ̀nà. Ẹsẹ̀ bàtà igba péré ló wà láàárín èmi àti ilé Tíṣà. Mi ò lọ. Bí mo bá lọ, wọ́n á béèrè ibi tí mo ti tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ á lọ, oògùn Mathu á lọ. Mo ní kí n jẹ́ kó di ọ̀la. Ọ̀la ń di ọ̀la. Mo ń pàdé Tíṣà lọ́nà, mo ń kí i, ó ń dáhùn, ojú rẹ̀ ti wọ inú.

Lọ́jọ́ kọkànlá, mo wà lórí àga nígbà tí ìyá Pirasath bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà Sathiriyar. Tíṣà wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Sathiriyar, ọmọ mi fẹ́ pa mí," ìyá Pirasath wí. "Ó ní bí kì í bá ṣe Kayal, òun á lọ máa gbá ilẹ̀ tẹ́ńpìlì títí òun á fi kú. Èmi tí mo ń bẹ̀ ẹ́ kó gbá yàrá ara rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ẹ bá mi tún ìwé yìí wò. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ tẹ̀ ẹ́."

Baba gbà á. Kò gbé e súnmọ́ ojú. Ńṣe ló yí i padà, tó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ó tún rà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi máa ń gún ìwé títí dé ẹ̀yìn," ó ní. "Mo lè fọwọ́ ka ìwé mi nínú òkùnkùn. Eléyìí ń dán bí èèpo ẹyin. Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

Fáànù ń yí lókè. Ẹsẹ̀ mi tó ń gbá ilẹ̀ dúró.

"Èmi ni."

Tíṣà yíjú sí mi. "Niro, o ní láti ọwọ́ Sathiriyar ni."

"Ètò rẹ̀ ni, Tíṣà. Mo dà á kọ. Ilé ni mo gbé e lọ."

Sathiriyar kò pariwo. Ì bá dára ká ní ó pariwo. "Aago wo lo tẹ̀?"

"Mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, bí Tíṣà ṣe sọ."

"O ò yọ ọgbọ̀n?"

"Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà, bàbá."

Ó gbé ojú bàìbàì rẹ̀ sókè. "Ìgbà wo lo wá mọ̀?"

Irọ́ wà lẹ́nu mi. Kò jáde. "Ọjọ́ kọkànlá rèé."

"Ọjọ́ mọ́kànlá," Tíṣà wí, bí ẹni ń ka nǹkan sí ojú pátákó. "Ọmọ mi ò jẹun, ìwọ sì ń kí mi kú àárọ̀."

Sathiriyar fi ọwọ́ lé eékún. "Lọ́dún 1996, ìjọba yí aago padà nítorí iná mànàmáná. Ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó dá a padà. Àbúrò mi ti kọ ètò rẹ̀ kí wọ́n tó yí i, ètò náà kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà: ọmọ tí wọ́n bá bí láti ìparí 1996 dé 2006, yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kúrò. Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan á wà tí mi ò ní í sí níbẹ̀. Níbo ló wà?"

"Mo ṣí i kúrò nígbà tí mo ń nù ún."

Èmi ni mo tún lanu bí òmùgọ̀: "Lọ́dọ̀ tiwa lódìkejì ibodè, a ò yí aago rárá, bàbá. Mi ò gbọ́ ọ rí."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò yí i. Ìdí tí mo fi máa ń béèrè ibi tí wọ́n bí ọmọ sí nìyẹn." Ó yíjú sí Tíṣà. "Tíṣà, níhìn-ín lẹ bí Kayal, àbí lọ́hùn-ún?"

Tíṣà gbọ́wọ́ sí èjìká, ó tún pín-ìnì aṣọ sárì rẹ̀ há.

"Níhìn-ín ni," ó ní. "Vavuniya ló wà nínú ìwé ìbí rẹ̀."

"Ó dáa. Ọmọbìnrin, tẹ aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́ ké ṣíìrì-ṣíìrì. Ilé kẹsàn-án. Ìyá Pirasath gba ìwé náà, ó fi kan ojú rẹ̀ méjèèjì, ó bú sẹ́kún.

"Fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì," Sathiriyar wí fún mi. "Kí fíláàṣì náà wà pẹ̀lú rẹ̀."

Mo ti dé títì kí Tíṣà tó bá mi. Mo rò pé á gbá mi létí. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó gbá mi.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ ní kíkà," ó ní. "Nígbà tó o ṣí ìwé yẹn, ṣé o kà á?"

Mo lanu. Mo wá inú orí mi, bí ẹni ń wá owó wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ àpò. Mi ò rí nǹkan kan. Ó dúró títí, lẹ́yìn náà ó yí padà, ó lọ.

Ilé mẹ́rìnlá ni mo dé láti gba ìwé mi padà. Ìyá kan ju tiẹ̀ sí mi láti ojú fèrèsé. Òmíràn ní, "Ìràwọ̀ wo ló wà lórí tìẹ báyìí, Ìyá Mathu?" Ìyá ọkọ mi kàn ń wò mí bí ẹni tó ti rí i láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Pittu, oúnjẹ ìyẹ̀fun ìrẹsì, ni mò ń ṣe tà lójúde títí di òní. Mathu ti ń mí dáadáa, ó ń gbá bọ́ọ̀lù kiri. Sathiriyar kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mi ò lè wọ ilé náà, ẹ̀yìn ògiri ni mo dúró sí.

Kayal fẹ́ Pirasath. Ó tó ọdún méjì kí Tíṣà tó dáhùn kíkí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kayal bí ọmọ kejì, Tíṣà ránṣẹ́ pè mí sí ayẹyẹ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n ọmọ náà.

Ìyá Tíṣà, arúgbó tó ti ìlú Kilinochchi wá kí wọn, ló gbé ọmọ tuntun sórí ẹsẹ̀. Èmi ń bù tíì, Tíṣà ń gbé e káàkiri.

"Kayal gẹ́lẹ́ rèé," arúgbó náà wí. "Bó ṣe rí nìyí lọ́jọ́ tí mo gbà á. Bọ́ǹbù ń dún, agbẹ̀bí ò lè wá. Nínú yàrá ìdáná wa ní Puthukkudiyiruppu ni. Mo ní èmi gbọ́dọ̀ mọ aago tó wáyé. Mo yọjú wo aago ara ògiri. Mẹ́fà kọjá ogún."

Tíṣà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò gbé ojú kúrò lára agolo tíì. Lóde, Pirasath gbé ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sọ́rùn, ó ń ṣe bí ẹṣin, ó ń rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wú ikọ́.

Òdìkejì ibodè ni Puthukkudiyiruppu wà. Lọ́dún 1999, kò sí ẹni tó yí aago padà níbẹ̀, Sevvai kò sì kúrò ní ilé kẹjọ rí.